Ìlà Kẹrin Ọ̀gá Bàrúwà

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Karùn-ún

Láràárọ̀, kí n tó jáde lọ wẹ̀, mo máa ń gbé fóònù mi sínú agolo mílíìkì tó ti ṣófo, màá wá gbé agolo náà sí etí fèrèsé, ní apá ọ̀tún, níbi tí irin ti tẹ̀ díẹ̀. Ní apá òsì, ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ni mo máa ń rí. Ní apá ọ̀tún ó máa ń di méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Màá dúró díẹ̀ kí láptọ́ọ̀pù tó rí i. Màá ṣí ojú-òpó tí a ń dán wò, màá ka ìbéèrè tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bi. Tí mo bá mọ ìdáhùn rẹ̀, màá kọ ọ́ sínú àpótí ìdáhùn, láti orí "Ẹ káàárọ̀" títí dé ìparí. Màá kà á, ètè mi á máa mì, ohùn ò ní jáde. Lẹ́yìn náà màá fi ìka kan pa á rẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá síwájú, títí á fi ku "Ẹ" nìkan. Màá pa "Ẹ" náà rẹ́. Màá lọ wẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án mi ní Ìlaròó rèé.

Lónìí, Màmá Àṣìkẹ́, onílé mi, ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó pè mí.

"Dárasími, kí lẹ máa ń ṣe gan-an níbi tí ẹ máa ń lọ ní Ọjọ́rú yẹn? Ṣé ìjọ tuntun ni?"

"Rárá, mà. Èèkù ni."

"Èèkù àdá?"

Mo ní orúkọ ohun kan tí wọ́n fi ń kọ́ ojú-òpó, tí wọ́n sì fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á, kó fi irin tirẹ̀ bọ̀ ọ́, tó bá sì rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kó tún un ṣe fún gbogbo ènìyàn. Àwa wá fẹ́ ṣe ibì kan níbi tí àwọn tó ń lò ó káàkiri Yewa á ti máa kọ́ ara wọn, ní èdè wa.

"Ta ló ni ín?"

"Gbogbo wa, mà."

Ó ju ẹ̀gẹ́ kan sínú abọ́. "Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Ta ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo wọlé.


Ọjọ́rú, 6 oṣù Karùn-ún

Ìpàdé ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Bàrúwà, níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Èmi ni akọ̀wé, nítorí pé ìwé mi mọ́, n kì í sì í sọ̀rọ̀. Ènìyàn mẹ́jọ la wà níbẹ̀. Nínú àwa mẹ́jọ, Ọ̀gá ló kọ́ mẹ́fà ní Èèkù, kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àti lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì.

Akínbọ̀wálé, olórí wa, ti kọ ètò sójú pátákó. Ó ní ìbéèrè gbọ́dọ̀ ṣe ṣókí, kí ojú-òpó náà fúnra rẹ̀ máa gé ìkíni kúrò.

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. "Gé kí ni kúrò?"

"Ìkíni, sà. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́. Àwọn òyìnbó kì í fi sí tiwọn."

"Òyìnbó wo ló fẹ́ wá bi ọ́ léèrè ní Ìlaròó? Ẹni tí kò bá kí mi, kó lọ bi ògiri."

Abdulrauf, ọ̀kan nínú wa, ní, "Ògiri Ìlaròó gan-an á ní kó kọ́kọ́ kí òun, sà."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìkíni dúró.

Akínbọ̀wálé tún fẹ́ kí àmì pupa wà, èyí tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ sórí ìwé tó bá rí i pé kò tọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Abdulrauf ní tí òun bá fi àmì pupa sórí ìwé Ọ̀gá, ọ̀dọ̀ ta ni òun máa sá lọ, ṣé Kùtọnu ni? Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní ọmọ kì í na ìka sí àgbà lójú ọjà. A wá fẹnu kò pé ẹni tó bá rí àṣìṣe, kó lọ bá ẹni tó kọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó sọ fún un. Gbogbo wa ní ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fa ìlà sí i nídìí.


Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Karùn-ún

Ọ̀gá Bàrúwà ti gbé ojú-ìwé tirẹ̀ síbẹ̀. Bí a ṣe ń kó àkọsílẹ̀ láti inú Èèkù àtijọ́ lọ sínú tuntun ni. Ìlà mẹ́fà, ó dùn ún kà, ó ní àpẹẹrẹ.

Ìlà kẹta ní kí a ṣe ẹ̀dà. Ìlà kẹrin ní kí a da àpótí àtijọ́ nù. Ìlà karùn-ún ní kí a kó ẹ̀dà náà sínú tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú Èèkù tuntun, àṣẹ tó wà ní ìlà kẹta kì í ṣe ẹ̀dà mọ́. Ó kàn ń ka iye ohun tó wà níbẹ̀, á sì kọ "Ó parí". Ẹni tó bá tẹ̀lé e á da tàtijọ́ nù, kò sì ní ní nǹkan kan tó máa kó sínú tuntun.

Kò dá mi lójú, mo wá fi orúkọ àwọn ìwé mi dán an wò. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Ìgbà tí mo dé ìlà kẹfà, kò ku ẹyọ kan.

Mo kọ ọ́ sínú àpótí ìdáhùn: "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ jọ̀wọ́, ìlà kẹrin ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́ nínú Èèkù tuntun, torí pé ìlà kẹta ò ṣe ẹ̀dà mọ́. Mo ti dán an wò. Ẹ má bínú, sà."

Mo kà á. Mo pa á rẹ́, títí dórí "Ẹ".

Oṣù méjì péré ni mo ti mọ Èèkù. Ọkùnrin yìí ti ń fi kọ́ ènìyàn kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ kìíní tí mo la ẹnu ní ìpàdé, wọ́n rẹ́rìn-ín sí ohùn Èkìtì mi. Wọn ò fi ṣe ìkà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹlòmíràn á rí i. Ojú tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Mo tún kọ ọ́. Mo tún pa á rẹ́. Ojú ọ̀run ṣú láti àárọ̀, òjò ò rọ̀.


Ọjọ́rú, 13

Kò sí ìpàdé. Ọ̀gá lọ sí Abẹ́òkúta. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé pé inú mi dùn.


Ọjọ́ Ẹtì, 15

Nínú gbogbo àwọn tó ń bá wa dán ojú-òpó náà wò, tísà kan wà ní Ajílété tó ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún. Ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ti ń kọ́ kíláàsì kẹfà. Mi ò rí i rí, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ lórí fóònù ní ọ̀sán yìí. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo tẹ̀lé ojú-ìwé Ọ̀gá wa lánàá, láti ìlà kìíní dé ìkẹfà. Mi ò rí àwọn ọmọ mi mọ́. Máàkì gbogbo ọdún ni, ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó kọ 'Ó parí' sí mi, mo ní mo dúpẹ́. Ibo ni wọ́n wà?"

Ohùn rẹ̀ fúyẹ́, bíi ti ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó dá a lójú pé inú báàgì ló wà.

Ọ̀gá dá a lóhùn: "Tísà, ìlà kẹta lo fò. Ogójì ènìyàn ni mo ti kọ́ ní nǹkan yìí, kò sí ẹni tí tirẹ̀ sọnù."

Tísà náà tún fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi máa ń yá jù."

Òun ló ń bẹ̀bẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní pẹ̀lẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà kọ "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Mo fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn láti ìgbà tí mo ti dé rèé.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Kóńgò gáàrì Ìhúnbọ ti di ẹgbẹ̀rún náírà. Mo rà á, mi ò lè mu ún. Òjò rọ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Mo ka òfin tí mo fa ìlà sí nídìí nínú ìwé ìpàdé. "Kó lọ bá ẹni tó kọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀." Ìlà náà tọ́. Rúlà ni mo fi fà á.


Ọjọ́ Ajé, 18

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá láti sọ fún un. Mo ti ka ọ̀rọ̀ náà sórí, láti ojúde Màmá Àṣìkẹ́ títí dé ibẹ̀.

Ó ń tú kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì. Ó ní kí n jókòó, ó ránṣẹ́ lọ ra mínírà tútù fún mi. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Ṣé o rí ìwọ yìí? O ò mọ bí inú mi ṣe ń dùn sí ọ tó. Àwọn yòókù, ẹnu ni. Ìwọ á jókòó, wàá wò, wàá kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

"Àbí nǹkan kan wà?"

"Rárá, sà. Mo ní kí n kí yín ni."

Mo mu mínírà náà tán. Mo dá ìgò padà.


Ọjọ́bọ̀, 21

Mo ti rí i. Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún wá láti Ajílété pẹ̀lú àpò ńlá kan tó kún fún ìwé àwọn ọmọ, kó lè tún máàkì wọn tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá fún un ní yàrá ẹ̀yìn àti iná. Akínbọ̀wálé béèrè lórí fóònù pé ta ló lè ràn án lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn.

Obìnrin kúkúrú ni, ó rẹwà, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ń kà, èmi ń tẹ̀.

"Husain, ìṣirò, méjìdínláàádọ́ta. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń fún ènìyàn ní máàkì nítorí ìjà ni, á gba ọgọ́rùn-ún. Purity, mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ìyẹn máa ń kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, mi ò mọ ìdí. Ọmọ́délé... o ò jẹ́ sinmi, àbúrò mi? Ọwọ́ rẹ á máa dùn ọ́."

"Kò dùn mí, mà."

"Ohùn rẹ dùn o. Níbo ni?"

"Òkèmẹ̀sí, mà."

"Háà! Lọ́dọ̀ àwọn olókè! O ò wá ní ẹnì kankan níbí?"

Mo ní mo ní onílé.

"Onílé kì í ṣe ẹni ẹni. Tí ìsinmi bá dé, máa bọ̀ ní Ajílété. Mo ní yàrá kan tó jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló ń lò ó. Màá lé e."

Láti oṣù kẹta tí mo ti dé, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kí n wá sí ilé òun.

A parí ọmọ méjìléláàádọ́ta. Òjò ti ba ìwé àwọn mọ́kànlá jẹ́, kò sí ohun tí a lè kà nínú rẹ̀. Ó ní òun máa lọ bá àwọn òbí wọn láti ilé dé ilé, bóyá ìwé ìdánwò wọn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Hẹ́dímásítà ti ní kó kọ lẹ́tà àlàyé. Tísà onígbà díẹ̀ ni Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún. Oṣù Keje ni wọ́n máa pinnu bóyá wọ́n á gbà á tán pátápátá.

"Kí lẹ máa kọ sínú rẹ̀, mà?"

"Òótọ́ ni màá kọ. Pé mo fo ìlà kan."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé tó wà níwájú mi, bí ẹni pé mo ń wá orúkọ. Ó gbàdúrà fún mi kó tó lọ. Ó ní èmi náà ò ní rí ẹni tó máa já mi kulẹ̀. Mo ṣe àmín.


Ọjọ́ Ajé, 25

Akínbọ̀wálé ní kí n kó ojú-òpó tí a ń dán wò lọ sí ibi tuntun, torí pé ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa fi ẹnu ètò jóná. Ó fún mi ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tó ń ṣí inú rẹ̀. Mo wọlé.

Èèkù ń tọ́jú gbogbo ohun tí ènìyàn bá kọ sínú àpótí ìdáhùn, ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí iná má baà lọ kó iṣẹ́ ẹni lọ. Àkọpamọ́ ni wọ́n ń pè é. Mi ò mọ̀. Mo ti kọ́ ohun gbogbo nípa Èèkù, mi ò kọ́ ìyẹn.

Mọ́kànlélógójì ni tèmi. Gbogbo "Ẹ káàárọ̀" tí mo ti pa rẹ́ láti oṣù kẹta wà níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ilé-ìwé. Mo kà wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ló tọ̀nà. Abdulrauf fi ọjọ́ méjì wá ohun kan tí mo ti dáhùn láàárọ̀ ọjọ́ kìíní.

Ó wá kan èyí. 11 oṣù Karùn-ún, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì, àárọ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ìlà kẹrin ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́." Orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún tó tẹ̀lé e.

Kò jọ pé ẹnikẹ́ni ti kà wọ́n rí. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni mo máa tẹ̀ láti pa á rẹ́. Mo gbé ìka lé e, mo tún gbé e kúrò. Mi ò ṣe é nítorí pé mo jẹ́ ènìyàn rere. Ẹ̀rù ló bà mí pé Èèkù tún lè tọ́jú ìyẹn náà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Mi ò tíì pa á rẹ́.

Màmá Àṣìkẹ́ ń se ọbẹ̀ ìlasa. Ó ní kí n wá bá òun jókòó, torí pé ojú mi ti rù. Mo bi í bí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, pé tí ìyàwó ilé bá rí i pé iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ tí ìyá ọkọ rẹ̀ sè, kí ló máa ṣe?

"Ṣé á la ẹnu sọ pé iyọ̀ pọ̀? Ṣé ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ni?" Ó fẹ́ iná. "Á gbé ṣíbí lọ bá a. Á ní, 'Màmá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò, ahọ́n mi ò dá mi lójú.' Ìyá fúnra rẹ̀ á tọ́ ọ, á fúnra rẹ̀ pariwo iyọ̀."

"Tí kò bá wá gbé ṣíbí lọ ńkọ́, mà? Tó kàn dákẹ́?"

"Gbogbo ilé á jẹ iyọ̀ nìyẹn." Ó yí ojú sí mi. "Ṣùgbọ́n, Dárasími, ti ọbẹ̀ nìyẹn o. Tó bá jẹ́ pé ilé ló ń jó, ta ló ń kúnlẹ̀? Pariwo ni."


Ọjọ́rú, 27

Iléyá. Wọ́n fi ẹran ránṣẹ́ sí mi láti ilé Ọ̀gá, wọ́n ní èmi nìkan ni mi ò ní ẹbí nítòsí nínú ẹgbẹ́. Mo jẹ ẹ́.


Ọjọ́ Ẹtì, 29

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi sí iwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ nǹkan wò. Ojú mi ò dá mi lójú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbé e wá, akọ̀wé."

A fi orúkọ mẹ́wàá sínú rẹ̀. Ìlà kìíní, ìkejì, ìkẹta: "Ó parí." Ìkẹrin. Ìkarùn-ún. Òfo.

Ó fa láptọ́ọ̀pù náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè. Òfo. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Níta, ẹnì kan ń fọ mọ́tò, omi ń dà.

"Mo ní obìnrin yẹn fo ìlà kan." Èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Lójú gbogbo ènìyàn ni mo ti sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà ó wò mí. "Ìgbà wo lo rí i?"

"Láìpẹ́ yìí, sà."

"Òní?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò fẹnu sọ ọ́. Orí mi ló purọ́.

Ó mú fóònù rẹ̀ níwájú mi, ó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́: "Èmi Bàrúwà ni mo ṣì í. Tísà Rẹ̀mílẹ́kún ò fo ìlà kankan. Lójú gbogbo yín ni mo ti dá a lẹ́bi, lójú gbogbo yín náà ni mo ti ń tọrọ àforíjì. Ọmọ wa Dárasími ló rí i lónìí, Ọlọ́run á bù kún un."

Ó tún ìlà kẹta ṣe. Gbogbo rẹ̀ ò gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọjọ́ méjìdínlógún ló gbà mí láti gbé ṣíbí débẹ̀, irọ́ ni mo sì tún fi sè é.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Láti àná ni wọ́n ti ń yìn mí. Abdulrauf ń pè mí ní Ojú Àwòdì. Mo fẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún fi ohùn ránṣẹ́ sí èmi nìkan: "Àbúrò mi, Ọlọ́run ló rán ọ sí mi. Mi ò bínú sí Ọ̀gá rárá. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó rí i ṣáájú ni. Ká ní ẹnì kan ti rí i ni, ṣé kò ní sọ fún mi? Mo ti kọ bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà mi, pé kò sí ẹni tó mọ̀. Ewúrẹ́ ti jáde nínú yàrá o."


Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹfà

Ìpàdé. A ti fẹnu ètò jóná. Ìkíni dúró. Mo la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta. Mo ní kí a fi àmì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ ni "Ẹ bá mi tọ́ ọ wò": ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ń bẹ ẹni tó kọ ìwé náà pé kó wá dán an wò pẹ̀lú òun, ní ìkọ̀kọ̀. Ìkejì ni "Ilé ń jó". Ìyẹn, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ òní ló dé, ìwé náà á sì dúró lójú ẹsẹ̀ títí a ó fi dán an wò.

Akínbọ̀wálé ní, "Tí kò bá wá jó ńkọ́?"

Ọ̀gá ló dá a lóhùn. "Kí a da omi sí ilé tí kò jó sàn. Fi síbẹ̀."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín sí ohùn mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní èmi ni kí n máa bójú tó ojú-òpó náà.

Bí a ṣe ń jáde, Akínbọ̀wálé pè mí. "Dárasími, àwọn àkọpamọ́ ibẹ̀ yẹn, pa gbogbo wọn rẹ́ kí o tó kó o lọ. Wọ́n kàn ń gba àyè ni. Kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n."

Mo ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n."


Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Kẹfà

Mo ti pa wọ́n rẹ́. Mi ò ka ti ẹnikẹ́ni. Nínú tèmi, mo pa ogójì. Ó ku ọ̀kan, ti ọjọ́ kọkànlá.

Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago rẹ̀. Mo fi í sáàárín Bíbélì kó má baà rún.

Mo rò ó pé kí n kọ́kọ́ lọ bá Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún ní Ajílété kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Màá débẹ̀, á rẹ́rìn-ín sí mi, á fi yàrá hàn mí, orí mi á tún mì.

Nítorí náà, lọ́la, kí n tó wẹ̀, màá gbé fóònù sínú agolo, ní apá ọ̀tún. Màá ṣí àkọpamọ́ náà. Mi ò ní fi nǹkan kan kún un, mi ò ní yọ nǹkan kan kúrò. Màá fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́, màá sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé mo rí i, mo dákẹ́, mo sì purọ́ fún Ọ̀gá. Lẹ́yìn náà màá wẹ̀. Màá wọ mọ́tò Ajílété tó máa ń kún ní aago méje. Mi ò ní mú nǹkan kan dání fún un, kó má baà dà bí ẹni pé mo wá fi ẹ̀bùn dí i lẹ́nu. Ìwé náà nìkan ni, kó lè fi sínú lẹ́tà rẹ̀ sí hẹ́dímásítà pé ẹnì kan mọ̀.

Tó bá ní kí n jókòó, màá jókòó. Tí kò bá ní kí n jókòó, àwọn ọmọ mọ́kànlá yẹn ṣì wà. Màá béèrè ọ̀nà ilé wọn lọ́wọ́ ẹni tí mo bá kọ́kọ́ rí lójú pópó, màá kí i dáadáa, màá sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé àkọ́kọ́.